Ẹ̀kọ́ Nípa Àlùbọ́sà: Bí A Ti Í Mú Un Gbẹ àti Bí A Ti Í Pa Á Mọ́ kí Ó Má Baà Jẹrà

Ẹ̀yin ará wa ní Ìwó Olódò Ọbà, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní gbogbo oko tí ó yí i ká, ẹ̀kọ́ tí a mú wá síwájú yín nínú ojú ìwé yìí kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó lè gba ìkórè ọdún kan là lọ́wọ́ ìparun. Bí a bá bi ènìyàn léèrè ohun tí ó mú kí àlùbọ́sà rẹ̀ jẹrà, ibi tí ó kó o sí ni yóò di ẹ̀bi rù: yóò wí pé ilé náà tutù, tàbí pé àpò náà kò dára. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni gbòǹgbò ọ̀ràn. Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé jíjẹrà àlùbọ́sà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ nínú àká. Orí ebè ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ọrùn ni ó sì sábà máa ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá mú ọrùn gbẹ dáadáa ti ṣe iṣẹ́ ìpamọ́ náà ju ìdajì lọ.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Àlùbọ́sà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn àtayébáyé ní ilẹ̀ wa. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́rìí sí i. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá tí ń pè é ní albasa ni a ti gbọ́ ọ, àwọn náà sì gbà á láti inú èdè Lárúbáwá. Títí di òní, apá tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí a ń tà ní ọjà Odò-Orí ní Ìwó, Òkè Ọya ni ó ti ń wá: láti Sókótó, láti Kébbí níbi tí ìlú Aliero wà, láti Kánò àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ìhà ibẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá bá wa.

Ohun tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá lè dúró sí ọ̀nà nígbàkígbà. Nínú oṣù Èrèlé ọdún 2021, ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ wọn dúró, wọn kò sì jẹ́ kí ẹrù sọ̀kalẹ̀ wá sí ìhà gúúsù títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ̀nyí, àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran wọ́n gógó ní àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó ní agbọ̀n àlùbọ́sà gbígbẹ kan lórí àjà ilé rẹ̀ nígbà náà kò ní ìdí láti sáré. Ẹ sì kíyè sí i pé àkókò yẹn gan-an ni ẹni tí ó gbìn ín sí àkùrọ̀ lẹ́bàá Odò Ọbà í máa hú tirẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe asán ni bí àwọn díẹ̀ nínú wa bá ń gbìn ín ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n asán ni ó jẹ́ bí ohun tí a fi omi rin fún oṣù mẹ́ta bá jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹni tí ń kọ ìwé yìí mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, ìkórè náà dára lójú. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo sáré hú gbogbo rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ gé ewé tútù rẹ̀ mọ́ ọrùn, mo rọ́ ọ sínú àpò ọ̀rá méjì, mo dì wọ́n lẹ́nu, mo sì gbé wọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lórí ilẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, òórùn ti lé wa kúrò nínú yàrá náà. Nígbà tí a tú àpò, omi ń kán nínú rẹ̀. Nínú àpò méjì, a kò rí ẹ̀kún agbọ̀n kan ṣà. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n ti pọn omi rin ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ dúró, wọ́n ń wò mí, wọn kò wí nǹkan kan. Mo dá ẹ̀bi lé àpò, mo dá ẹ̀bi lé ilé. Lẹ́yìn èyí ni mo wá mọ̀ pé ọwọ́ èmi tìkára mi ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìparun náà.

OHUN TÍ Ń MÚ ÀLÙBỌ́SÀ JẸRÀ

Bí a bá pín ìwọ̀n àlùbọ́sà kan sí ọ̀nà 100, ó ju 85 lọ nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ omi lásán. Ohun tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ tó báyìí ìbá ti jẹrà ní kíákíá, bí kì í bá ṣe ti aṣọ tí a dá fún un. Èèpo gbígbẹ tí ó wà lóde ni aṣọ náà. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ yìí bá wà láìya, kòkòrò tí ojú kò lè rí kò rí àyè wọ inú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ní ojú méjì tí ó ṣí sílẹ̀: ọrùn lókè, níbi tí ewé ti jáde, àti ìdí nísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ti jáde. Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọrùn tútù ni ẹnu ògiri àlùbọ́sà.

Ẹ la àlùbọ́sà kan sí méjì láti orí dé ìdí, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ẹ ó rí i pé ewé tí ó wà lókè àti ìpele tí ó wà nínú kì í ṣe ohun méjì. Ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìsàlẹ̀ ewé kan. Nítorí náà, nígbà tí a bá gé ewé tútù, a ti la ọ̀nà tààrà dé inú ẹran ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń bó àlùbọ́sà, tí a óò rí ìpele kan ṣoṣo tí ó ti di omi, nígbà tí èyí tí ó wà lóde rẹ̀ àti èyí tí ó wà nínú rẹ̀ ṣì le koko.

Oríṣi ìjẹrà mẹ́ta ni ó yẹ kí a dá mọ̀.

Èkíní ni èyí tí ń sọ ọ́ di omi tí ó sì ń rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ilẹ̀ àti inú omi ni wọ́n ń fà á. Wọ́n ń gba ojú ọgbẹ́ àti ọrùn tútù wọlé, pàápàá nígbà tí òjò bá rọ̀ sí i lórí ebè nígbà ìkórè. Ọ̀kan nínú irú wọn ni W. H. Burkholder, onímọ̀ àrùn ọ̀gbìn ní New York, ṣàpèjúwe ní ọdún 1950, èyí tí ń mú kí àlùbọ́sà rùn bí ohun tí ó kan.

Èkejì ni èyí tí ń yọ lẹ́búlẹ́bú dúdú bí èédú sí abẹ́ èèpo. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ olóoru bí tiwa. Ibi tí ooru rẹ̀ bá wà láàárín ìwọ̀n 28 sí 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí omi sì wà lára èèpo, ni ó ti ń gbilẹ̀. Kò lè ṣe púpọ̀ lára èèpo tí ó gbẹ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ń ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń wá, ó sì ń gba ojú gbòǹgbò tí ó ya wọlé. Oògùn rẹ̀ ni pé kí a má ṣe gbin àlùbọ́sà sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀kejì títí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò fi kọjá, kí a sì ṣọ́ra kí ọkọ́ má baà ṣá ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá ń ro ó.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nípa èèpo. Ní ọdún 1929, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, tí J. C. Walker jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi hàn pé nǹkan kan wà nínú èèpo gbígbẹ àlùbọ́sà aláwọ̀, èyí tí kò sí nínú ti funfun, tí ó ń dí ọ̀kan nínú àwọn àrùn èèpo lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bó èèpo pupa náà dànù kí ó lè dán lójú oníbàárà. Ẹni tí ó bó o ti bọ́ aṣọ ogun kúrò lára ọmọ ogun.

ÀLÙBỌ́SÀ KÌ Í ṢE IṢU

Àwa àgbẹ̀ ìhà ìhín mọ iṣu, a sì lè fẹ́ fi ìmọ̀ iṣu tọ́jú àlùbọ́sà. Àṣìṣe ńlá ni. Iṣu tí ọkọ́ bá ṣá lè wo ara rẹ̀ sàn. Bí a bá tò ó jọ, tí a sì bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí méje nínú ooru tí ó tó 29 sí 32, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ní ọ̀rinrin, awọ tuntun yóò hù bo ojú ọgbẹ́ náà, yóò sì di. Ọ̀rinrin ni ó ń ràn án lọ́wọ́.

Àlùbọ́sà kò ní agbára láti hu irú awọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọrùn rẹ̀ fi lè pa ẹnu dé ni pé kí ó gbẹ, kí ó sún kì, kí ó sì di. Ohun tí ń wo iṣu sàn ni ó ń pa àlùbọ́sà. Nítorí náà, kí a má ṣe bò ó nígbà tí ó bá tutù, kí a má sì ṣe tò ó sí ẹ̀gbẹ́ iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà.

IRÚGBÌN ÀTI ÀKÓKÒ

Ìpamọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ra irúgbìn. Àlùbọ́sà ń ka wákàtí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kí ìdí rẹ̀ tó wú. Irú tí a ń gbìn ní ìhà àríwá Yúróòpù ń retí ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó wákàtí 14 sí 16. Ní Ìwó, ọjọ́ kò jìnnà sí wákàtí 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Bí a bá gbin irúgbìn òkèèrè bẹ́ẹ̀ síhìn-ín, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Ọrùn rẹ̀ yóò nípọn, kò sì ní gbẹ láéláé. Ẹ wá irúgbìn ilẹ̀ olóoru, irú bí ti Galmi, ìlú kan ní ilẹ̀ Niger tí òkìkí àlùbọ́sà rẹ̀ kàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè béèrè ìmọ̀ràn ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso ti ìjọba tí a ń pè ní NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975.

Nípa àkókò, ẹ jẹ́ kí a fi ọyẹ́ ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ fọ́n irúgbìn sí ebè kékeré ní ìparí oṣù Ọwẹ́wẹ̀ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe òrùlé fún un nítorí òjò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró nínú oṣù Bélú, ẹ lọ́ ọ sí àkùrọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, yóò gbó ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lé díẹ̀ lẹ́yìn tí a lọ́ ọ, èyí ni ìparí oṣù Èrèlé tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà. Ẹni tí ó bá pẹ́ lọ́ ọ, àkọ́rọ̀ òjò ni yóò bá a lórí ebè.

Ẹ fi ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ sí ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìdí bá ti ń wú, ẹ dáwọ́ dúró. Nítorí ajílẹ̀ tí ó pẹ́ ń mú ewé gbòòrò, ó ń mú ọrùn nípọn, ó sì ń mú kí gbígbẹ rẹ̀ ṣòro.

ÌGBÀ TÍ Ó TỌ́ LÁTI HÚ U

Àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tí ó gbó. Ọrùn rẹ̀ yóò rọ̀, ewé rẹ̀ yóò sì wó lulẹ̀ láìsí ẹni tí ó tì í. Nígbà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ wó bá ti ń hàn káàkiri, ẹ dáwọ́ omi bíbu dúró. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì pé, tí ó ju ìdajì lọ tí ó ti wó, tí púpọ̀ nínú ewé sì ń pọ́n, ẹ hú u. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ewé tí kò tíì wó kí ó lè yá. Ọgbẹ́ ni ó ń dá sí i lọ́rùn.

Ẹ hú u ní ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ lára ewé. Bí ilẹ̀ bá le, ẹ fi ọkọ́ tú u láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí ìdí. Ẹ má ṣe jù ú, ẹ má sì ṣe gbá a mọ́ ara wọn láti gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù. Ojú ibi tí a bá gbá lè má hàn ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n yóò hàn ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹ má sì ṣe fọ̀ ọ́ rárá.

BÍ A TI Í MÚ ỌRÙN GBẸ

Ẹ fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí ewé bá ń gbẹ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ọrùn yóò máa sún kì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di. Ẹni tí ó gé e kánkán ti gé iṣẹ́ náà kúrò láàárín.

Bí òjò kò bá sí nítòsí, ẹ lè tẹ́ ẹ sórí ebè fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tò ó ní ìlà, kí ewé ìlà kan lè bo orí èkejì. Oòrùn gangan máa ń se ara rẹ̀ bí omi gbígbóná, ojú ibẹ̀ yóò funfun, yóò rọ̀, ìjẹrà yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn èyí, ẹ kó o wá sí abẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi ọparun ṣe pẹpẹ tí ó ga tó ìgbáròkó, tí àyè wà láàárín ọparun kan àti èkejì, kí ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ ní ìpele kan tàbí méjì. Ẹ yí i padà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní àkókò ọyẹ́, ọjọ́ 7 sí 14 sábà máa ń tó.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ó ti gbẹ rọrùn. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di ọrùn rẹ̀ mú, kí ẹ yí i. Bí ó bá ń yọ̀ lábẹ́ ìka, bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, kò tíì tó. Bí ó bá gbẹ táútáú, tí kò sì sún, tí èèpo òde ń dún wúyẹ́wúyẹ́ bí ewé gbígbẹ, ó ti tó. Nígbà náà ni kí ẹ wá gé ewé rẹ̀, kí ẹ fi ọrùn tí ó gùn tó ìwọ̀n ìbú ìka méjì sílẹ̀, kí ẹ sì gé gbòǹgbò gbígbẹ láìkan ìdí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè fi ewé gbígbẹ náà di í ní ìdì-ìdì, kí ó so ó kọ́.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ìwọ̀n ọjà mi ń dín kù nígbà tí mo bá ń gbẹ ẹ́.” Òtítọ́ ni, nínú ìwọ̀n 100, bí 3 sí 5 lè lọ. Ṣùgbọ́n omi ni ó lọ, omi tí ìbá bọ́ ìjẹrà. Ẹni tí ó kọ̀ láti pàdánù 5 lónìí lè pàdánù 50 lọ́la.

YÍYÀ SỌ́TỌ̀

Kí a tó kó o pamọ́, ó tọ́ kí a yà á sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn tí ọrùn wọn gbẹ tí wọ́n sì le; àwọn wọ̀nyí ni a óò pa mọ́. Èkejì ni àwọn tí ọrùn wọn nípọn, àwọn tí ó so pọ̀ ní ìbejì, àwọn tí ó ti yọ òdòdó, àti àwọn tí ọkọ́ kàn. Ẹ tètè jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ tà á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún ẹni tí ń rà á. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó ti rọ̀ tàbí tí ó ń rùn. Ẹ mú wọn kúrò nílé, kí ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìnnà sí àkùrọ̀ náà. Ẹ má ṣe kó wọn padà sórí ebè, nítorí irúgbìn àrùn ọdún tí ń bọ̀ ni wọ́n jẹ́.

IBI ÌPAMỌ́

Ohun àgbàyanu kan wà nípa àlùbọ́sà. Kì í tètè hù nínú òtútù líle tí ó sún mọ́ omi dídì, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè hù nínú ooru tí ó tó 25 sí 30. Àárín méjèèjì, láti nǹkan bí 10 sí 20, ni ó ti ń tètè hù. Nítorí náà ooru ilé wa kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ó ń mú kí ìwọ̀n rẹ̀ fò lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí ó hù. Ọ̀tá rẹ̀ níhìn-ín ni ọ̀rinrin. Nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kọjá 75 nínú 100, gbòǹgbò tuntun a máa yọ, ìjẹrà a sì máa gbilẹ̀; ní àkókò òjò, afẹ́fẹ́ Ìwó sábà máa ń kọjá ìwọ̀n yìí.

Ní Niger, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ ju tiwa lọ, àwọn àgbẹ̀ ń fi pòròpórò àti koríko kọ́ ilé àlùbọ́sà tí wọ́n ń pè ní rudu. Atẹ́gùn ń gba ara rẹ̀ kọjá, òrùlé koríko sì ń dá oòrùn dúró. Bí àwọn tí ó ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ń ṣe báyìí, mélòó mélòó ni àwa?

Nítorí náà, ẹ gbé e sí orí pẹpẹ tàbí sínú agbọ̀n onihò, kí ó má ju ìpele mẹ́ta lọ. Ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tàbí lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ má ṣe fi ti ògiri, ẹ má sì ṣe dì í sínú ọ̀rá. Àjà tí ó wà lókè ibi ìdáná, níbi tí àwọn ìyá wa ń so àgbàdo kọ́, dára fún ìwọ̀nba díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ọwọ́ iná. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi imú àti ọwọ́ wò ó. Bí ọ̀kan bá ti rọ̀, ẹ mú un kúrò pẹ̀lú èyí tí omi rẹ̀ ta sí. Ẹ má ṣe retí kí tiwa pẹ́ tó ti ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tí ó bá mú un dé oṣù Èbìbí tàbí Òkúdù ní pípé ti ṣe dáadáa, kí ó sì tà tàbí kí ó jẹ ìyókù kí òjò tó wọlé tán.

FÚN ẸNI TÍ Ó RÀ Á LỌ́JÀ

Ẹni tí kò gbìn ṣùgbọ́n tí ó ra àpò kan fún ìnáwó tàbí fún òwò ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹrù tí ó ti wà nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí a tò léra wọn, ti làágùn. Ẹ tú àpò náà ní ọjọ́ tí ó dé ilé, ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní ní abẹ́ ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ ṣà á, kí ẹ tó kó o sí orí pẹpẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ ọrùn mẹ́wàá wò láti àárín àpò, kì í ṣe láti ẹnu rẹ̀ nìkan.

Ẹni tí ó bá sì ń ṣiyèméjì nípa ẹ̀kọ́ yìí, kí ó dán an wò pẹ̀lú 40 àlùbọ́sà láti orí ebè kan náà. Kí ó gé ewé 20 ní tútù ní ọjọ́ tí ó hú u, kí ó fi ewé 20 ìyókù sílẹ̀ títí ọrùn yóò fi gbẹ. Kí ó fi agbọ̀n méjèèjì sí ibì kan náà, kí ó sì ka èyí tí ó jẹrà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà. Agbọ̀n rẹ̀ yóò kọ́ ọ ju ìwé yìí lọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌLERA

Bí lẹ́búlẹ́bú dúdú bá wà lára èèpo òde nìkan, ẹ bó o, ẹ fi omi ṣan án, ẹ sì gé ibi tí ó bá kàn; bí ó bá ti wọ inú lọ, tàbí tí ó rọ̀ tí ó ń rùn, ẹ dà á nù. Nígbà tí ẹ bá ń ṣà á, ẹ fi aṣọ bo imú, pàápàá ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dà láàmú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ́n oògùn apakòkòrò sí àlùbọ́sà kí ó má baà jẹrà. Kòkòrò tí oògùn náà ń pa kì í ṣe èyí tí ń mú un jẹrà. Oògùn náà kò ní gbà á là, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tí ó jẹ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌRÁNTÍ

1. Níbo ni jíjẹrà àlùbọ́sà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ibo ni ó sì ń gbà wọlé?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwòsàn ọgbẹ́ iṣu àti ti àlùbọ́sà?
3. Kí ni a óò fi ọwọ́ ṣe láti mọ̀ pé ọrùn ti gbẹ?
4. Èwo ni ọ̀tá àlùbọ́sà nínú ilé wa, ooru ni tàbí ọ̀rinrin?
5. Kí ni ìdí tí apakòkòrò kò fi lè dá ìjẹrà dúró?

Ẹni tí ó lè dáhùn márùn-ún wọ̀nyí láìwo ìwé, kí ó mú ọkọ́ rẹ̀ nígbà tí òjò Ọ̀wàrà bá ń dínkù, kí ó lọ pèsè ebè rẹ̀ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí Ó sì jẹ́ kí ohun tí ẹ kó jọ pẹ́ lọ́wọ́ yín.